Bébà Búlúù Alága

Ẹni tí Ọlọ́run bá fẹ́ fi kọ́ ayé lọ́gbọ́n, kì í kọ́kọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Àga ló máa ń kọ́kọ́ fún un. Á ní, "Gbà, jókòó." Ẹni náà á jókòó, á fẹ̀yìn tì, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, "Ṣé èmi nìyí?" Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Àga tí mo ń wí yìí, ẹ̀yin ará, wà ní yàrá òkè ilé ìkàwé kan, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àdúgbò ti ń pàdé ní agogo mẹ́ta ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Sátidé. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Èèyàn mẹ́rìnlá ni bí gbogbo wọn bá pé, wọn kì í sì í pé. Bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́rin, fèrèsé méjì, fáànù òkè kan tí kì í yí àfi bí wọ́n bá fi igi ìgbálẹ̀ tì í lápá. Ohun méjì péré ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ ìròyìn ara wọn: ta ló bímọ, ara ta ni kò yá, iṣẹ́ ta ni wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ka ohun tí wọ́n kọ síra wọn létí.

Àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ fi àṣà kan lélẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sára iṣẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ gbogbo rẹ̀, kí ọwọ́ ìkọ̀wé má bàa tú àṣírí. Á fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, á kọ orúkọ ẹni tó ni ín sínú rẹ́jísítà, á sì ti rẹ́jísítà mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ẹlòmíràn ni yóò kà á sókè. Àwọn ará á dájọ́, wọ́n á sọ ibi tó dùn àti ibi tó kan. Ìgbà tí gbogbo ìdájọ́ bá parí tán ni wọ́n á ní, "Ẹni tó kọ ọ́, dìde." Níwájú àṣà yìí, ọ̀gá kò sí, ọmọṣẹ́ kò sí, bí yóò ti rí níwájú ìtẹ́ Ẹni tó dá gbogbo wa.

Sátánì kò fẹ́ràn ohun tó ń múni dọ́gba. Ló bá rán Alága sí wọn.

Kí ó tó di alága, ọkùnrin yìí ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ọ̀gá ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún èèyàn níwèé àṣẹ láti gbẹ́ kànga. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ń sọ fún àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ pé kí wọ́n padà wá lọ́la. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò rí ẹni sọ ọ́ fún mọ́. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ìyẹn ní kó wá fọ abọ́. Ohun tí ìyàwó fi dá a lóhùn kò ṣe é kọ sínú ìwé tí àwọn ọmọlúàbí ń kà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló dara pọ̀ mọ́ àwọn òǹkọ̀wé. Lọ́dún kejì, wọ́n fi í jẹ alága, nítorí pé lọ́jọ́ ìdìbò, òun nìkan ni ẹnu kò rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni àga. Ó ní káfíńtà wá kàn án sínú yàrá náà gan-an, kí òun lè máa tọ́ ọ sọ́nà: ẹsẹ̀ rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju ti àga gbogbo ayé, apá rẹ̀ fẹ̀ tó ibùsùn ọmọdé. Bí Alága bá jókòó tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó ń fì dirodiro bíi ti ọmọ tí wọ́n gbé sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó fẹ́ rẹ́rìn-ín wúkọ́.

Ohun kejì ni kíkí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá Alága sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àfi bí wọ́n bá ti kí i tán. Onígbàjámọ̀ kan tó wà nínú ẹgbẹ́ ló ń ka ìkíni náà. Nítorí bí ẹnu rẹ̀ ti yá tó, Àmín-Ṣáájú-Àdúrà ni wọ́n ń pè é. Á dìde, á tẹ́ bébà síwájú, á ní: "A kí Alága wa, atọ́nà wa, òpómúléró ọ̀rọ̀, oòrùn ọ̀sán gangan, ẹni tí gègé ń bẹ̀rù, ẹni tí bébà ń fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún!" Gbogbo ilé á ní, "Ẹ kú ọlá, sà." Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìkíni, kó kọ ọ́ sí bébà pélébé, kó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ "Ọ̀rọ̀ Ọ̀sẹ̀ Tó Ń Bọ̀" sí lára. Apẹ̀rẹ̀ náà ti kún. Kò sẹ́ni tó tíì rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà kó dé.

Ohun kẹta ni ìròyìn. Ìròyìn Alága ló ń ṣáájú. "Ẹ̀yin èèyàn mi," á ní, "ẹ ó dunnú láti gbọ́ pé orúnkún mi òsì ti ń gbádùn. Orúnkún mi ọ̀tún, a ṣì ń gbàdúrà." Láti orúnkún, á bọ́ sí ohun tó jẹ láàárọ̀, láti ohun tó jẹ, á bọ́ sí ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí yóò fi dórí ìròyìn àwọn yòókù, aago á ti lù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra ni agbẹ̀bí kan nínú wọn fi nawọ́ sókè láti sọ pé bàbá òun wà lórí àìsàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra ló tún fi ká ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àṣà àìdárúkọ kò jẹ́ kí Alága sùn. Òun, kí wọ́n máa dájọ́ iṣẹ́ òun bí iṣẹ́ onígbàjámọ̀! Báwo ni èèyàn yóò ṣe mọ ìgbà tó yẹ kó yin òun? Kò sì lè fagi lé e, nítorí Ìyá Olùkọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ṣì wà láàyè. Orí bẹ́ǹṣì iwájú ló ń jókòó, pẹ̀lú agboòrùn lórí itan, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ mọ ohun tó ń fi agboòrùn ṣe nínú ilé. Ni Alága bá gbé ìdì bébà búlúù kan lọ bá Akọ̀wé.

"Èyí wà fún iṣẹ́ mi àti ọ̀rọ̀ ìkíni mi. Ojú ń dùn mí. Búlúù ló ń tù mí lójú."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ ó kà á, sà. Ẹlòmíràn ló ń ka—"

"Akọ̀wé, ojú ń dùn mí."

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹgbẹ́ ti di aríran. Bí wọ́n bá ti yọ bébà búlúù báyìí, Àmín-Ṣáájú-Àdúrà á ti fa áńkáṣíìfù yọ láti nu omijé tí kò tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa Akọ̀wé, nítorí òun ni ìtàn yìí kàn jù. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó ti fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tẹ ìwé ní kóòtù. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "rárá" lásán ni. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, ìyàwó ló ń bá a sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ gba nǹkan tí kò yẹ, á kàn ní, "Ẹ jẹ́ kí n bi Màmá," Màmá á sì sọ ọ́ láti ilé ìdáná, ketekete. Ìyàwó kú, "rárá" kú pẹ̀lú rẹ̀. Bí Alága ṣe bá a nìyẹn, tó ní, "Akọ̀wé, ọpọlọ mi kún jù, kò ráyè jáde. Máa bá mi kọ díẹ̀díẹ̀." Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fi ń sunkún lórí bébà búlúù, Akọ̀wé ló ń kọ ọ́, Alága kì í tilẹ̀ kà á.

"Ṣé kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín, sà?" ni Akọ̀wé máa ń bi í.

"Má sọ ọ́! Mo fẹ́ kí iṣẹ́ mi ya èmi náà lẹ́nu."

Bí nǹkan ṣe wà nìyí tí lẹ́tà fi dé láti ilé iṣẹ́ rédíò. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ nípa ẹgbẹ́ náà. Àwọn yóò rán sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan wá ní Sátidé láti mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ bá yàn, wọn yóò sì kà á sórí afẹ́fẹ́ ní agogo mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ kejì, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, agbẹ̀bí wá kan ilẹ̀kùn Akọ̀wé. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òórùn ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ewé ìwé méjì sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé búlúù ni wọ́n máa mú. Mo kàn ní kí n fi sílẹ̀ náà ni."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Bàbá mi." Ó jókòó sí etí àga. "Ẹ ò mọ̀ ni, ẹgbẹ́ ò fún mi láyè sọ ọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù wọ́n. Ojú ti lọ. Etí nìkan ló kù, rédíò ló sì wà lórí àyà wọn láti àárọ̀ dé alẹ́. Dókítà ní ká máa múra sílẹ̀."

"Ha. Ọlọ́run á gbé wọn dìde."

"Àmín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé wọ́n ń lọ, ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Àwọn ló fi gègé sí mi lọ́wọ́. Bí èmi bá kà á fún wọn, wọ́n á ní ọmọ mi ló ń pọ́n mi lé. Ṣùgbọ́n bí rédíò bá sọ ọ́..." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Wọ́n gba rédíò gbọ́ ju bí wọ́n ṣe gbà mí gbọ́ lọ."

Akọ̀wé sọ pé òun á tẹ̀ ẹ́. Ohun tó mọ̀ lọ́kàn rẹ̀ ni kò sọ. Iṣẹ́ Alága ti wà nílẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin, ìtàn igi ńlá kan tó ń sọ bí òun ti ṣe pàtàkì tó. Ó ti rẹ Akọ̀wé nígbà tó ń kọ ọ́, ó sì hàn nínú igi náà.

Ẹ wá wo ọwọ́ Ọlọ́run, bó ṣe ń fi agbada ẹni dín ẹni. Alága fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìkíni tó máa sọ fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wà lórí bébà búlúù. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. Alága ní wọn kò pe òun ní "olóyè ọ̀rọ̀." Akọ̀wé tún un tẹ̀. Alága ní kí "ọlọ́lá" ṣáájú "olóyè," kì í ṣe kó tẹ̀lé e. Ó tún un tẹ̀. Alága ní "èmi" kò pọ̀ tó lójú ìwé kejì. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni Akọ̀wé tẹ ọ̀rọ̀ ìkíni yìí, ojú ìwé mẹ́fà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí yóò fi di àárọ̀ Sátidé, bébà búlúù ku ewé méjì péré.

Igi ńlá jẹ́ ojú ìwé mẹ́rin. Kò lè wọ ewé méjì. Akọ̀wé mú bébà funfun, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni bébà funfun náà sì tán sí. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ló kù, ojú ìwé méjì. Ó wo ewé búlúù méjì. Ewé búlúù náà wò ó. Ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Ẹ bi Ẹni tó ń wo ọkàn. Èmi ò sí ní yàrá náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìpàdé ku wákàtí kan, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta bébà ti tìlẹ̀kùn, Akọ̀wé sì pinnu pé òun á sọ fún Alága kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ó sì gbìyànjú. Ó dúró dè é lórí àtẹ̀gùn.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, nípa bébà—"

Alága gbọ́wọ́ sókè bíi ọlọ́pàá ojú títì. "Akọ̀wé! Wọn ò tíì kí mi."

Wọ́n kí i. Àmín-Ṣáájú-Àdúrà tilẹ̀ fi "kìnnìún inú àwọn àmì ohùn" kún un nítorí àlejò. Akọ̀wé rọra sún mọ́ àga gíga.

"Sà, bébà búlúù—"

"Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀: "Sà, bébà yí padà. Funfun ni tiyín lónìí." Ó nà án. Àmín-Ṣáájú-Àdúrà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò wò ó, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ Ọ̀rọ̀ Ọ̀sẹ̀ Tó Ń Bọ̀. Bí bébà náà ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, láàárín ọ̀rọ̀ tó kù.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò jẹ́ obìnrin tí kì í fi ojú sọ ohun tó ń rò. Ó tan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kékeré kan sórí itan, ó fetí sí ojú ìwé mẹ́fà ìkíni, ó fetí sí ìròyìn orúnkún méjèèjì. Nígbà tó yá, ó rọra pa ẹ̀rọ náà kí bátìrì má bàa tán.

Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ kò gbóná, kò tutù. Wọ́n dájọ́ wọn, wọ́n kọjá. Wọ́n gbé ẹ̀kẹta dìde, bébà funfun, ojú ìwé mẹ́rin. Ìyá Olùkọ́ ló ń kà. Igi ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun kò bá sí, ẹyẹ kò ní mọ ibi tí òkè wà. Ó ní òjò kì í rọ̀ àfi bó bá gba àṣẹ lọ́dọ̀ òun.

Àmín-Ṣáájú-Àdúrà ti rí i pé funfun ni. Inú rẹ̀ dùn. Ó pẹ́ tó ti rí nǹkan bú.

"Ẹni tó kọ èyí," ló sọ, "kó lọ fi orí rẹ̀ sínú omi tútù. Ṣé ìtàn nìyí tàbí ibà?"

Alága rí i pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú láyé mi, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó èyí. Kí igi máa yin ara rẹ̀ fún odidi ojú ìwé mẹ́rin! Igi náà kò tilẹ̀ ní ìtìjú? Kò ní ẹbí tó lè fà á létí? Ìgbéraga ẹni tó kọ ọ́ pọ̀ débi pé mo ń gbóòórùn rẹ̀ láti orí àga yìí."

"Ẹ ń gbóòórùn rẹ̀ lóòótọ́, sà," ni Àmín-Ṣáájú-Àdúrà wí.

"Ẹni tó bá kọ irú èyí kò yẹ láàárín wa. Mo pàṣẹ pé kí ẹni náà, ẹni yòówù kó jẹ́, má fẹsẹ̀ tẹ yàrá yìí fún oṣù mẹ́ta. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti lu òǹtẹ̀ sí i."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n wá yọ bébà búlúù. Áńkáṣíìfù jáde. Alága di ojú rẹ̀ láti gbọ́ ohun ìyanu tí òun kọ.

Ìyá Olùkọ́ kà á. Bàbá kan ní tábìlì níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ń kọ lẹ́tà fún àwọn tí kò mọ̀wé, ó sì ń ka èsì fún wọn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó pọnmọ mú lẹ́tà ọkọ rẹ̀ wá. Bàbá náà kà á pé: "Mo kí ọ, mo kí ọmọ. Iṣẹ́ ló pọ̀. Mú ọkàn le." Obìnrin náà dúpẹ́, ó lọ, ó gbàgbé lẹ́tà náà sórí tábìlì. Ọmọbìnrin bàbá náà, tó ń ṣeré lábẹ́ tábìlì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà ni. Ó mú lẹ́tà náà, ó ń fi ìka tẹ̀lé e. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọkùnrin náà ti ní ilé mìíràn, kí obìnrin náà má dúró dè é mọ́. Ọmọ náà wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Ogójì ọdún nìyẹn. Bàbá náà ti wà lórí ibùsùn báyìí, rédíò lórí àyà, ọmọ náà kò sì tíì bi í bóyá ohun rere ló ṣe.

Ó parí. Fáànù ń dún. Àmín-Ṣáájú-Àdúrà ti ń nu ojú tipẹ́. Àárín kíkà náà ló tó rí i pé áńkáṣíìfù náà tutù lóòótọ́, ó sì yà á lẹ́nu púpọ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Alága sọ, ohùn rẹ̀ wúwo, "kí la tún ń wá? Èyí ni yóò lọ sórí rédíò. Ta ló ní bẹ́ẹ̀ kọ́?" Kò sẹ́ni tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. "Ó dára. Ẹni tó kọ ọ́, dìde!"

Ó pàṣẹ náà, òun náà ló sì jẹ́ ẹ. Ó bọ́ sílẹ̀ láti orí àga, ó na agbádá. Ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, agbẹ̀bí náà dìde.

"Agbẹ̀bí, jókòó," ni Alága sọ. "Kò tíì kan ọ̀rọ̀ ìkí-kú-oríire." Ó yíjú sí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. "Iṣẹ́ yìí wá sí mi lọ́kàn ní ìdájí. Mo sunkún. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú omijé."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí. "Bàbá yín ló ń kọ lẹ́tà nígbà náà?"

Gbogbo ilé mọ̀ pé alápatà ni bàbá Alága. Ó ti wà nínú ìròyìn orúnkún láìmọye ìgbà.

"Bàbá mi... ọ̀pọ̀ nǹkan ló ṣe."

"Ara wọn ti ń yá díẹ̀ báyìí?"

"Wọ́n ti kú. Ó ti pé ogún ọdún."

"Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yín, wọ́n wà lórí ibùsùn, wọ́n ń gbọ́ rédíò."

"Ọgbọ́n ìkọ̀wé nìyẹn," ni Alága dáhùn. "Kì í yé gbogbo èèyàn."

"Lábẹ́ tábìlì náà, ọmọbìnrin ni wọ́n kọ."

"Ọgbọ́n ìkọ̀wé!"

Agbẹ̀bí kò jókòó. Akọ̀wé ló tẹjú mọ́. Akọ̀wé wo ilẹ̀, ó wo fèrèsé, kò rí ibi wò. Ó wá rí bàbá arúgbó kan ní ọkàn rẹ̀, tí yóò gbọ́ tábìlì ara rẹ̀ lọ́la, tí yóò gbọ́ ọmọ ara rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tí rédíò yóò sì fi orúkọ ọkùnrin ọlọ́rúnkún parí rẹ̀. Rédíò tí bàbá náà gbà gbọ́. Ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù kò ní tó láti fi ṣàlàyé.

"Rárá," ni ohùn kan sọ.

Gbogbo èèyàn wo ẹ̀yìn. Akọ̀wé náà wo ẹ̀yìn. Òun ló sọ ọ́.

"Akọ̀wé, wọn ò tíì—"

"Rárá, sà. Wọ́n ti kí yín. Wọ́n ti kí yín tó." Ó fa dúrọ́ọ̀, ó yọ rẹ́jísítà, ó ṣí i síwájú Ìyá Olùkọ́ nítorí ojú tirẹ̀ ti ṣú. "Mà, ẹ bá mi kà á."

Ìyá Olùkọ́ fi ìka tẹ̀lé ìlà. "Nọ́ńbà kẹrin, bébà búlúù: agbẹ̀bí." Ó tún dígí ojú rẹ̀ ṣe. "Nọ́ńbà kẹta, igi ńlá: Alága."

Gbogbo orí yí sí Alága.

"Bébà tán ni, sà," ni Akọ̀wé wí. "Ọ̀rọ̀ ìkíni yín ló jẹ ẹ́. Mo sọ fún yín. Ó wà nínú apẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀tàn ni!" ni Alága kígbe. "Èmi kọ́ ni mo kọ ìtàn igi burúkú yẹn!"

"Òótọ́ ni, sà," ni Akọ̀wé dáhùn jẹ́jẹ́. "Èmi ni. Èmi ni mo ń bá yín kọ gbogbo rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, kí ẹgbẹ́ náà dárí jì mí. Ìtàn igi yẹn ò sì dára lóòótọ́."

Ìyá Olùkọ́ fi agboòrùn kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ jẹ́ ká fi òfin tọ̀ ọ́. Alága ti pàṣẹ pé ẹni tó kọ nọ́ńbà kẹta kò gbọ́dọ̀ wọlé fún oṣù mẹ́ta. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà, ilẹ̀kùn rèé. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́, ẹ ò tíì kọ nǹkan kan láti ọdún mẹ́ta, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá kọ nǹkan fún ọdún kan gbáko kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ mọ́. Èwo lẹ mú?"

Alága ya ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìdìbò, nǹkan kan kò jáde. Ó wo Àmín-Ṣáájú-Àdúrà.

"Oṣù mẹ́ta ló fúyẹ́ jù, sà," ni onígbàjámọ̀ náà gbà á nímọ̀ràn.

"N ó gbé àga mi lọ!" ni Alága ké. Ó gbá a mú, ó wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ rántí pé inú yàrá ni wọ́n ti kàn án. Ó gbé e ní ìbú, kò gbà. Ó gbé e ní òró, kò gbà. Ó dorí rẹ̀ kodò, ẹsẹ̀ mẹ́rin gíga náà há sí férémù, òun náà sì há sí àárín ẹsẹ̀ mẹ́rin náà pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Àmín-Ṣáájú-Àdúrà ló tì í láti ẹ̀yìn. "Ẹ kú ọlá, sà," ló ń sọ bó ti ń tì í. Ẹnu ti mọ́ ọn lára. Alága yọ sórí àtẹ̀gùn. Àga kù sínú. Wọ́n gbọ́ bàtà rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, kò sì yà síbì kankan.

Ìyá Olùkọ́ ṣí ìwé padà. "Ó kù ẹnì kan. Akọ̀wé, ìwọ lo kọ igi náà. Oṣù mẹ́ta."

"Ó tọ́, mà," ni Akọ̀wé wí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú okùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó ra bátìrì tuntun, ó lọ sílé agbẹ̀bí. Bàbá arúgbó náà fẹ̀yìn lélẹ̀, rédíò ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àyà rẹ̀ bó ti ń mí. Agbẹ̀bí di ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń gbọ́ràn mú. Kò sọ nǹkan kan fún un tẹ́lẹ̀.

Agogo mẹ́rin lù. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ìpéǹpéjú bàbá náà mira, kò sì mira mọ́ bí ìtàn náà ti ń lọ láti tábìlì dé obìnrin tó pọnmọ, dé lẹ́tà, dé ọmọ abẹ́ tábìlì. Nígbà tó parí, bàbá náà la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé e jáde.

"Ìwọ lo wà... lábẹ́ tábìlì."

"Èmi ni, Bàbá."

"O kọ ọ́ dáadáa. Ibì kan ni o ò mọ̀."

"Ibo ni, Bàbá?"

"Kò gbàgbé lẹ́tà náà. Ó fi í sílẹ̀ ni." Ó mí. "Obìnrin yẹn mọ̀wé, ọmọ mi. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ó ti kà á nílé kó tó wá. Ó kàn fẹ́ gbọ́ bí ẹlòmíràn yóò ṣe kà á."

Agbẹ̀bí bojú. Akọ̀wé yíjú sí ògiri.

"Ẹ má sunkún sí mi létí," ni bàbá náà sọ. "Ìròyìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀."